Kí Ni Ó Wà Nínú Ìgò Yẹn? Bí A Ṣe Ń Rọ Lọ́fínńdà Sí Ìgò Kékeré Fún Ìrìn-àjò

 

Bí àsìkò Hájì bá ti ń súnmọ́, iṣẹ́ mi nínú mọ́sáláṣí wa ní Agodi yìí máa ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn tí wọ́n ti san owó ìrìn-àjò á yí mi ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹnìkan á mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, òmíràn á bèèrè bí òun yóò ṣe máa lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà nígbà tí àkókò oúnjẹ bá yí padà. Èmi náà á máa dáhùn gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun bá ṣe fi mọ̀ mí. Nígbà tí a bá fẹ́ túká ni ẹnìkan á ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìgò lọ́fínńdà ńlá kan yọ láti inú àpò, á ní, "Apòògùn, eléyìí ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e dé Mẹ́kà?"

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi máa ń dá irú ìbéèrè yìí lóhùn. Mo rò pé kò le rárá: wá ìgò kékeré, rọ lọ́fínńdà sí i, dé e, ó parí. N kò fi ẹ̀rín dá a lóhùn mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ni Ọlọ́hun ṣe Hájì fún ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Màmá yìí ní àrùn ojú tí a ń pè ní gilọkómà, èyí tí omi inú ẹyinjú fi máa ń le jù, tí ó sì máa ń ba iṣan tí a fi ń ríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí ń jẹ́ timolol ni wọ́n ń kán sí ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, wọ́n gbé òróró lọ́fínńdà kan tí ọmọ wọn rà fún wọn wá, wọ́n ní kí n bá àwọn rọ díẹ̀ sí ohun tí kò ní dà sí àpò. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ìgò timolol kan tí wọ́n ti lò tán. Ìgò náà kéré, ìdérí rẹ̀ mú dáadáa, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni ohun inú rẹ̀ sì ń jáde. Mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo rọ lọ́fínńdà sí i. Mo tilẹ̀ yọ ìwé tí ó wà lára rẹ̀ kúrò kí ó lè dára lójú. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní yunifásítì, tí mo ti ń dúró nídìí káńtà oògùn fún nǹkan bí ogún ọdún, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Ní Mọ̀dínà, ní òru ọjọ́ kẹta, wọ́n ti pa iná yàrá nítorí àwọn tí ó ti sùn. Màmá na ọwọ́ sínú àpò, wọ́n mú ìgò, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n kán an sí ojú ọ̀tún. Ariwo tí wọ́n pa ni ó jí gbogbo yàrá. Ọlọ́hun ṣàánú, nọ́ọ̀sì kan wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kò wá oògùn kankan, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa màmá lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì ń bu omi sí ojú náà títí apá rẹ̀ fi ro ó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Awọ fẹ́lẹ́ iwájú ẹyinjú ti bó díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá kò fi lè dé mọ́sáláṣí Ànọ́bì, ibi tí wọ́n ti ń fi gbogbo ayé wọn ṣe àdúà láti dé. Ojú náà san, alihamudulilaahi. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò bá mi jà. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ìgò oògùn mi lo fi lọ́fínńdà sí." Gbólóhùn náà kò tíì kúrò létí mi.

N kò rò pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi irú nǹkan báyìí. Nínú ilé wa ní Ìbàdàn, ìgò kì í sọnù. Ìgò pẹnisílín ni àwọn ìyá wa ń kó tìróò sí. Ìgò oògùn ikọ́ ni a ń rọ òróró àdí sí. Ike omi tí a rà ní ojú ọ̀nà ni ẹlòmíràn ń bu kẹrosíìnì sí. Ó jẹ́ ìwà àìfiṣòfò, ìwà rere sì ni àìfiṣòfò nínú ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ènìyàn máa ń rántí ìrísí ìgò ju ohun tí a sọ fún un lọ. Ẹni tí ó ti ń fi ìgò kan kán ojú fún ọdún mẹ́wàá, bí ó bá bá irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ á gbé e lọ sí ojú kí ọpọlọ tó bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé tí ó mọ̀ pé nínú ìgò oògùn ikọ́ ni omi dídùn ti ń wá.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ohun mìíràn mú nínú ọ̀rọ̀ mi tòní, ẹ mú èyí: ẹ má ṣe rọ lọ́fínńdà sí ìgò oògùn láé, pàápàá ìgò oògùn ojú, ti etí àti ti imú. Ẹ má rọ ọ́ sí ìgò ohun jíjẹ tàbí ohun mímu. Ìgò tí ẹ bá sì rọ ọ́ sí, ẹ kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa lọ́fínńdà tì o. Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ràn òórùn dídùn. Anas sì gbà á wá nínú hádíìsì tí Bukhari kó jọ pé kì í kọ̀ ọ́ bí ẹnìkan bá fi ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a ń wẹ̀, tí a ń run pákò, tí a ń wọ aṣọ tí ó mọ́, tí a sì ń fi òórùn dídùn sí ara. Àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé Bint el Sudan, ìgò kékeré tí ó ní àwòrán ọmọbìnrin Súdàánù lára. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ W. J. Bush bẹ̀rẹ̀ sí ta á ní Khartoum. Nítorí pé kò ní ọtí nínú, àwọn Mùsùlùmí gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó sì rìn láti Súdàánù dé Kánò, ó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìgò kékeré kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ohun tí ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa wá ìgò kékeré kiri lóde òní ni òfin ọkọ̀ òfurufú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ní Ìlú Ọba mú àwọn kan tí wọ́n ń gbèrò láti gbé ohun tí ń bú gbàmù wọ ọkọ̀ òfurufú nínú ìgò ohun mímu. Láti ìgbà náà ni òfin ti dé bá omi àti òróró tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè: ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju milílítà 100 lọ, gbogbo wọn sì gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rá kan tí a lè rí inú rẹ̀, tí kò ju lítà kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ìwọ̀n ìgò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Bí ìgò bá jẹ́ ti milílítà 150, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ni lọ́fínńdà kù sí, wọn á gbà á lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ẹni tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí èyí.

Ní ti ẹrù ńlá tí a ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, òfin àgbáyé gbà kí ènìyàn kó lọ́fínńdà àti irú ohun ìpara bẹ́ẹ̀ sí i, bí ìgò kọ̀ọ̀kan kò bá ti ju milílítà 500 lọ tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju lítà méjì lọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan lè ní òfin tirẹ̀ tí ó le ju èyí lọ, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó dé pápákọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iye tí ènìyàn nílò gan-an. Lọ́fínńdà tí a ń tẹ̀ kí ó fín máa ń tú nǹkan bí ìdámẹ́wàá milílítà jáde ní ẹ̀ẹ̀kan. Èyí ni pé milílítà 10 á fín nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ á lo ó fún oṣù kan ó lé díẹ̀. Òróró lọ́fínńdà tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kán kan tàbí méjì ti tó. Kí wá ni a fẹ́ fi milílítà 100 ṣe ní Hájì?

Irú ìgò wo ni kí a rà? Dígí ni ó dára jù lọ, pàápàá dígí aláwọ̀ ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Fún òróró, ìgò tí ó ní ọmọ bọ́ọ̀lù lórí tí a ń yí mọ́ ara ni kí ẹ lò. Fún èyí tí ń fín, ìgò kékeré tí ó ní ẹnu tí a ń tẹ̀. Ẹ óò rí wọn rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òróró lọ́fínńdà, wọn kò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ike ni ẹ rí, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Nọ́mbà máa ń wà nínú àmì onígun mẹ́ta níbẹ̀. Nọ́mbà 1, 2 àti 5 ṣeé lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yẹra fún nọ́mbà 6, nítorí òróró olóòórùn máa ń jẹ ẹ́, ìgò á rọ̀ tàbí kí ó sán, nǹkan inú ike náà á sì máa wọ inú ohun tí ẹ fẹ́ fi pa ara. Ike rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìgò oògùn ojú náà máa ń fa òórùn mu. Bí a fọ̀ ọ́ títí, òórùn ohun àkọ́kọ́ á ṣì wà níbẹ̀. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí ohun tí mo ṣe fún màmá kò fi dára.

Fífọ ìgò wá ńkọ́? Omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò ní òórùn, kí a ṣàn án dáadáa, kí a wá dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ mímọ́ fún odidi ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún gbígbẹ yìí. Bí omi bá kù nínú ìgò, lọ́fínńdà á dàrú bí omi ògì, nítorí òróró inú rẹ̀ kò bá omi rẹ́. Ìgò tí ó ní òórùn àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ ti òórùn àtijọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ jáde kúrò ní ilé ìdáná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́fínńdà onífífín tí a ń rà nínú páálí, ìpín 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ ọtí líle tí ń jẹ́ ethanol. Oruku rẹ̀ lè gbiná ní ìwọ̀n ooru tí kò ju 17 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú yàrá wa ní Ìbàdàn sì máa ń ju 25 lọ. Nítorí náà kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, àbẹ́là, tùràrí tí ń jó lórí ẹyín iná, tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ìgò lọ́fínńdà onífífín ni wọ́n ti pa orí rẹ̀ pọ̀ láti ilé-iṣẹ́, kò ṣeé ṣí. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí eyín ṣí i. Dígí ẹnu ìgò lè fọ́ sí yín lọ́wọ́, mo ti dì ọgbẹ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀nà méjì ni ó rọrùn. Ìgò kékeré kan wà tí ó ní ihò ní ìdí rẹ̀. Ẹ óò yọ bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ lórí ìgò ńlá, ẹ óò fi ìdí ìgò kékeré lé orí ọ̀pá tí ó kù, ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀ sókè, lọ́fínńdà á sì máa gòkè wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí irú ìgò yẹn, ẹ fi àrọ kékeré sí ẹnu ìgò, kí ẹ máa fín lọ́fínńdà sí inú àrọ náà lójúkorojú, kí ó lè ṣàn wọlé. Á gba àkókò, ṣùgbọ́n kò léwu.

Òróró lọ́fínńdà ni àwọn ènìyàn máa ń fi síríńjì fà. Mo bẹ̀ yín, síríńjì tuntun tí a kò tíì tú nínú ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹ kò nílò rẹ̀. Ẹ má ṣe lo síríńjì tí wọ́n ti fi gún ẹnikẹ́ni, bí ẹ tilẹ̀ sè é nínú omi gbígbóná. Bí ẹ bá sì ti fà á tán, ẹ sọ ọ́ nù. Rọ́bà inú síríńjì máa ń wú bí òróró bá kàn án, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí ó tún burú jù ni kí ẹnìkan tún gbé e padà sínú àpótí oògùn, kí a wá fi fa oògùn ibà fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ síríńjì yìí kan àwọn tí ń rà lọ́jà náà. Bí ẹ bá gba Yemẹtu kọjá Ọjẹ́ lọ sí Bẹẹrẹ, tí ẹ wá dé àyíká mọ́sáláṣí ńlá ní Ọjàaba, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ óò rí àwọn tí ń ta òróró lọ́fínńdà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún ènìyàn. Síríńjì kan náà ni ẹlòmíràn fi ń fa oríṣi mẹ́wàá. Ẹ má bá wọn jà, ẹ rọra sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ lo tuntun fún yín, ẹ fi owó síríńjì lé e. Bí ẹ bá sì dé Mẹ́kà, tólà ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn olóòórùn níbẹ̀. Tólà kan jẹ́ gíráàmù 11.66, ohun tí ó sì ń wọ inú ìgò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi milílítà 12. Ìgò milílítà 3 jẹ́ ìdámẹ́rin tólà. Ẹni tí ó bá mọ èyí, wọn kò ní rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ má kún ìgò dé ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ìdámárùn-ún rẹ̀ ṣófo, nítorí omi àti òróró máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú wọn, ooru Mẹ́kà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ooru Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru tí wọ́n wọ̀n ní Mọ́sáláṣí Háráámù ju 51 lọ. Nínú ọkọ̀ òfurufú ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ, ohun tí ó wà nínú ìgò á sì máa wá ọ̀nà jáde. Bí ó bá jẹ́ ike, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dé e. Ẹ wé ọ̀rá mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó lọ́ ìdérí mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ó dúró ní òòró nínú àpò. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ tún máa ń ba lọ́fínńdà jẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń sọ àwọn ohun kan nínú òórùn, bíi limonene àti linalool, di ohun tí ń yún ènìyàn lára. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà tàbí tí ó bá ń rùn kíkan, ẹ dà á nù.

Kíkọ orúkọ sí ara ìgò ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ẹ gba ìwé àlẹ̀mọ́ funfun, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: LỌ́FÍNŃDÀ. Ẹ kọ orúkọ òórùn náà sí abẹ́ rẹ̀, àti oṣù tí ẹ rọ ọ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ìwé náà kí yíǹkì má baà fọ̀. Fún àwọn òbí wa tí wọn kò lè kàwé tàbí tí ojú wọn kò ríran dáadáa, ẹ ta okùn pupa mọ́ ọrùn ìgò. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Oògùn ojú gbọdọ̀ wà nínú àpò tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí lọ́fínńdà. Ọgbọ́n tí a dá fún màmá nìyẹn nígbà tí wọ́n tún lọ ṣe Ùmúrà.

Àǹfààní mìíràn wà nínú àkọlé yìí tí ó kan ìjọsìn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé hárámì kò gbọdọ̀ lo òórùn dídùn títí yóò fi tú u sílẹ̀. Ìyá wa Àíṣátù sọ nínú hádíìsì pé òun fi òórùn dídùn sí ara Ànọ́bì kí ó tó gbé hárámì. Ara ni o, kì í ṣe aṣọ hárámì. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìpara tí kò ní òórùn àti ọṣẹ tí kò ní òórùn ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń rọ sí ìgò kékeré. Bí ìgò méje bá wà nínú àpò tí gbogbo wọn jọra wọn, tí kò sí ìkankan tí ó ní àkọlé, ẹ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní Mínà. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ álùfáà ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ apòògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè bóyá lọ́fínńdà tí ó ní ọtí nínú ba ìrun jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, èrò wọn kò sì pọ̀ ní ọ̀nà kan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, òróró wà.

Àwọn kan máa ń fi nǹkan lé lọ́fínńdà kí ó lè pọ̀. Omi kò ṣeé fi lé e, mo ti sọ ìdí rẹ̀. Èyí tí ó léwu ni sípíríìtì tí a kò mọ orísun rẹ̀. Oríṣi ọtí kan wà tí ń jẹ́ methanol. Òórùn rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ethanol, ṣùgbọ́n májèlé tí ń fọ́ ojú ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn kan ṣàdédé di afọ́jú, wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ kan. Ṣàṣà ni ẹni tí kò gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, methanol inú ògógóró ni. A kì í mu lọ́fínńdà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n methanol máa ń gba ara wọlé, ọmọdé sì máa ń mu ohun tí kò yẹ kí ó mu. Bí lọ́fínńdà yín bá kéré, ẹ jẹ́ kí ó kéré.

Ọmọdé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ìgò milílítà 10 tí ó kún fún lọ́fínńdà onífífín lè kó ọmọ ọdún kan sí wàhálà ńlá bí ó bá mu ún tán. Ọtí máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ọmọ á máa sùn, ara rẹ̀ á tutù, ó sì lè mú un ní gìrì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi epo pupa rọ ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa ni, ṣùgbọ́n epo máa ń mú ọmọ bì, ohun tí ó bì sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ nu ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jí dáadáa tí ó lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún àwa tí a wà ní agbègbè yìí, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò jìnnà, UCH náà kò jìnnà. Ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Bí ó bá jẹ́ ojú ni ó kán sí, omi tútù tí ó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹnìkan máa la ìpéǹpéjú náà. Ẹ má fún ọmú sí i, ẹ má da ìtọ̀ sí i, ẹ má lo oògùn ojú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn omi, ilé ìwòsàn ojú ni ó kàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe ní Mọ̀dínà nìyẹn, òun ni a sì fi gba ojú màmá là lẹ́yìn Ọlọ́hun.

Ó ku ohun kan. Bí àwọn alájì àti àlhájà bá dé, ẹ̀bùn ni gbogbo ará ilé ń retí. Wọ́n á pín tólà kan tàbí méjì sí ìgò pẹ́pẹ̀pẹ́ fún àwọn aládùúgbò, ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìkánjú, pẹ̀lú ọmọdé tí ń sáré káàkiri yàrá. Àkọlé kan náà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá rí ìwé àlẹ̀mọ́ rà, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo máa ń kó o sápò báyìí.